Bí a ṣe ń dá iná èédú láìfi kẹrosíìnì sí i, àti ìdí tí kò fi gbọdọ̀ wọ yàrá

Ìbéèrè méjì ni mò ń gbà jù lọ láti ìgbà tí owó gáàsì ti gbówó lórí. Ẹnì kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa dá iná èédú tí kò fi ní kú mọ́ mi lọ́wọ́?" Kí n tó dáhùn tán, ẹlòmíì á ti bèèrè pé, "Ọyẹ́ ti dé, ṣé mo lè gbé àdògán wọ yàrá kí ara àwọn ọmọ lè móoru?" Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ gùn díẹ̀, mo sì máa kọ ọ́ síbí lẹ́sẹẹsẹ. Ìdáhùn ìkejì kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: rárá. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣáà ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa yàrá.

Èédú igi ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Òkè-Ògùn, láti Ṣakí, Ìgbòho àti agbègbè wọn. Èédú inú ilẹ̀ yàtọ̀, irú èyí tó wà ní Enugu àti ní Òkàbà ní ìpínlẹ̀ Kogi. Òkúta nìyẹn. Èéfín rẹ̀ nípọn, ó máa ń rùn bí imí-ọjọ́, kò sì yẹ kó wọ inú àdògán tí ẹ fi ń se oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á.

Ríra èédú

Èédú tí kò dáa kò ṣeé dá níná, bó ti wù kí èèyàn mọ iná dá tó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

1. Ẹ mú ẹyọ méjì, kẹ́ ẹ fi kan ara wọn. Èyí tó jinná dáadáa á dún kan-kan, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta àwo. Èyí tí kò jinná, tàbí èyí tí omi ti wọ̀, kò ní dún tó bẹ́ẹ̀; ohùn rẹ̀ á kú, bí ìgbà tí a fi igi lu igi.
2. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú, kó sì máa dán. Bí ẹ bá rí àwọ̀ igi, tó pupa rúsúrúsú láàárín, igi tí kò tíì di èédú nìyẹn. Òun ló ń rú èéfín tó ń ta èèyàn lójú.
3. Ẹ gbé e wò. Èédú igi líle bí àyìn àti emi máa ń wúwo díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ nínú iná. Èyí tó fúyẹ́ máa ń tètè ràn, àmọ́ kí ẹ̀wà tó rọ̀, ó ti di eérú. Bó bá wúwo, tó tún tutù lọ́wọ́, omi ló wà nínú rẹ̀.
4. Bó bá jẹ́ odidi àpò lẹ fẹ́ rà, ẹ wo ìdí àpò náà. Òkè ni wọ́n máa ń to àwọn tó tóbi sí. Ìdí ni ẹ̀kúnná máa ń wà.

Èmi a máa ra irú méjèèjì pọ̀: èyí tó fúyẹ́ fún dídá iná, èyí tó wúwo fún sísè. Eléèédú tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́ mi, mi ò sì tíì kábàámọ̀.

Ọ̀rọ̀ emi yìí máa ń dùn mí. Igi òrí ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń dàgbà kó tó so èso tí wọ́n ń fi ṣe òrí, tí a óò wá bá a nínú àpò, dúdú kirikiri. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe máa ń bínú sí ẹni tó bá ń da èédú nù, àti nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí mo ti sọ bí a ṣe ń pa iná. Bí ẹ bá rí èédú tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe, ẹ rà á. Ó máa ń gbóná dáadáa, ẹnikẹ́ni ò sì gé igi lulẹ̀ torí rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ gbé àpò náà sórí pákó, kó má fara kan ilẹ̀, kí òjò má sì dé ibẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀. Bí àpò náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó sun ìta di ọjọ́ kejì, níbi tó jìnnà sí ògiri. Iná lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, kó tún jí.

Irú àdògán tí ẹ lè lò

Èyí tí wọ́n fi ríìmù mọ́tò ṣe ló wọ́pọ̀ jù. Ó lágbára, kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ooru máa ń gba ara irin rẹ̀ jáde lọ sí ẹsẹ̀ yín dípò kó lọ sí ìdí ìkòkò. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ ni mo fara mọ́, torí amọ̀ yẹn ló ń dá ooru dúró, èédú kì í sì í tètè tán nínú rẹ̀. Bí amọ̀ bá là, ẹ po amọ̀ mọ́ eérú díẹ̀, kẹ́ ẹ fi dí i kó tó ya lulẹ̀.

Èyí yòówù kẹ́ ẹ rà, ẹ wo nǹkan mẹ́ta: kí ihò abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó, kí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé ṣí kó sì ṣeé tì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Ẹni tó bá ti ro àmàlà lórí àdògán tó ń mì mọ ohun tí mò ń wí.

Dídá iná láìsí kẹrosíìnì

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ná:

- èédú wẹ́wẹ́, bí ẹ̀kúnwọ́ méjì, àti àwọn tó tóbi
- ìhá, tàbí ṣùkù àgbàdo gbígbẹ, tàbí èèpo ọsàn tí ẹ ti sá gbẹ. Páálí náà dára
- ìṣáná
- abẹ̀bẹ̀
- ẹ̀mú, tàbí ohun mìíràn tí ẹ lè fi mú ẹyin iná
- garawa omi tàbí iyanrìn nítòsí

Ó yá.

1. Ẹ gbọn eérú àná dànù. Ohun tó ń pa iná mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ nìyí: eérú ti dí ihò abẹ́, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò náà níkọ̀ọ̀kan.
2. Ẹ gbé àdògán sí ìta, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ kọ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Ẹ má gbé e sórí tábìlì tàbí àpótí.
3. Ẹ to èédú wẹ́wẹ́ yí inú rẹ̀ ká, kí àárín ṣófo bí ìtẹ́ ẹyẹ.
4. Ẹ ki ìhá tàbí èèpo ọsàn sí àárín yẹn. Èèpo ọsàn gbígbẹ ní òróró nínú; bí ẹ bá ṣáná sí i, ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń ta pàrà-pàrà, òórùn rẹ̀ á sì gba àgbàlá. Èèpo ọsàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó.
5. Ẹ ṣáná sí i láti ìsàlẹ̀. Òkè ni iná máa ń lọ.
6. Bó bá ti mú, ẹ to èédú wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé e bí òrùlé ahéré, kí àlàfo wà láàárín wọn. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan. Ṣe lẹ máa pa á.
7. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kù gìrì gbé abẹ̀bẹ̀ níbí, tí wọ́n á fẹ́ iná náà pa. Ẹ dúró títí etí èédú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, kẹ́ ẹ tó máa fẹ́ ẹ láti ẹnu ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ látòkè, eérú ló ń fẹ́ sójú ara rẹ̀.
8. Bí àwọn wẹ́wẹ́ bá ti pọ́n, ẹ kó àwọn ńlá sí i.
9. Ẹ jẹ́ kí èéfín tán. Ara èédú á funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni fi ẹfun ra á, inú rẹ̀ á sì máa pọ́n yòò bí ẹ bá fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Èyí máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé ìkòkò kaná.

Ọ̀nà mìíràn wà tó yá ju èyí lọ. Ẹ wá agolo ńlá kan, irú èyí tí mílíìkì oníyẹ̀fun máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gé òkè àti ìdí rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá fi ìṣó lu ihò yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ fi ìhá tàbí páálí sínú àdògán, ẹ gbé agolo lé e, ẹ kó èédú sínú agolo náà, kẹ́ ẹ ṣáná sí ìsàlẹ̀. Agolo á máa fa afẹ́fẹ́ gòkè fúnra rẹ̀, ẹ ò sì ní nílò abẹ̀bẹ̀. Bí èédú bá ti pọ́n, ẹ fi ẹ̀mú gbé agolo kúrò. Ẹ ṣọ́ra, ó máa ń gbóná gan-an.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kan iná yín

- Ọ̀rá. Mo mọ̀ pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni ọ̀pọ̀ fi ń dáná láràárọ̀, torí ó wà nílẹ̀, ó sì ń tètè ràn. Májèlé ló wà nínú èéfín rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ tẹrí ba sídìí àdògán lẹ sì ń kọ́kọ́ fà á símú. Bákan náà ni ike àti táyà.
- Pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí.
- Pẹtiróòlù. Kò sí àlàyé kankan níbí. Ẹ má dán an wò.
- Kẹrosíìnì lórí èédú tó ti gbóná. Bí ẹ bá tilẹ̀ rò pé iná ti kú, bí èédú bá ṣì gbóná, kẹrosíìnì tí ẹ bá dà sí i á di gáàsì tí ẹ ò ní rí, bí ẹyin iná kan bá sì pàdé rẹ̀, á gbiná gbòlà lẹ́ẹ̀kan náà. Àti pé ta ló mọ ohun tí wọ́n ti pò mọ́ kẹrosíìnì tí ẹ rà?

Bí iná bá ń yọ yín lẹ́nu

Bó bá ń rú èéfín tí kò dáwọ́ dúró, igi tí kò jinná wà láàárín rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú yọ èyí tó ń rú èéfín sọ́tọ̀. Bó bá ń ta pàrá sókè, ó tutù. Ẹ sá èyí tó kù sóòrùn. Bó bá ń pọ́n níbì kan tó sì dúdú níbòmíràn, ihò abẹ́ ti dí. Bó bá gbóná jù, ẹ ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wọ́n eérú díẹ̀ lé e lórí. Ẹ má bu omi sí i.

Sísè, kí èédú má tán lójijì

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti àṣálẹ́. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ gé iṣu wẹ́wẹ́. Bí ìrẹsì bá ti hó, ẹ kó ìdajì ẹyin iná jáde sínú agolo onídèérí, ẹ jẹ́ kí ìyókù fi wọ́ọ́rọ́ sè é jinná. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí òkè rẹ̀ gbẹ dáadáa, ẹ kó ẹyin iná méjì mẹ́ta lé ọmọrí ìkòkò. Bí oúnjẹ bá máa pẹ́ níná, ẹ ti èédú tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ tó rẹ̀wẹ̀sì, kó lè ti ibẹ̀ ràn.

Kí ọmọdé má sún mọ́ àdògán. Èmi a máa fi ẹfun fa ìlà yí i ká, ìgbésẹ̀ àgbàlagbà kan sí i, àwọn ọmọ ilé sì ti mọ̀ pé a kì í kọjá ìlà yẹn. Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi ojú ibẹ̀ sí fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin tútù, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bó bá fẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ara ọmọ kékeré, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Yàrá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kì í fara pamọ́. Ohun tó ń pani nínú iná èédú kì í ṣe èéfín. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta lójú, kì í múni húkọ́. Kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Èèyàn á máa mí, àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, síbẹ̀ ọ́síjìn kò dé ọpọlọ rẹ̀. Oorun lá kọ́kọ́ máa kùn ún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í jí.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹyin iná tó pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ń tú gáàsì yìí jáde gidigidi. Ìgbà tó bá mọ́ lójú yín jù ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Àbúrò mi obìnrin fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ó dáná sẹ́yìn ilé, ó dúró títí èéfín fi tán gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó wá gbé àdògán wọ yàrá torí ọmọ oṣù mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má wọlé. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin ìdájí, orí fífọ́ ló jí i. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Ó rá dé ìdí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ lù ú títí alábàágbé rẹ̀ fi ṣí i láti ìta. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà jáde, kò sunkún, ọrùn rẹ̀ kàn ń yẹ̀ ni. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ilé ìwòsàn fún àwọn méjèèjì ní ọ́síjìn, wọ́n sì padà bọ̀ sípò. Láti ọjọ́ náà, mo rí i pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kò pé. Mo kọ́ ọ ní bí a ṣe ń dá iná, mi ò kọ́ ọ ní ibi tí iná kì í dé.

Àwọn ohun tí àwọn èèyàn máa ń wí fún mi nìyí, àti èsì tí mo máa ń fún wọn:

- "Mo ṣí fèrèsé díẹ̀." Kò tó. Ẹ ò lè mọ̀ bóyá gáàsì ti pọ̀ jù tàbí kò tíì pọ̀, torí ẹ ò rí i.
- "Mo gbé abọ́ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Omi kì í fa gáàsì yìí mọ́ra.
- "Iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú." Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ṣì ń tú u jáde.
- "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé e sí." Bí ilẹ̀kùn àwọn yàrá bá kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, yàrá ló wà.

Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó kéré tán ọ̀nà méjì, ni kẹ́ ẹ ti dáná, kó sì jìnnà sí fèrèsé ibi tí èèyàn ń sùn. Bí òtútù bá ń mú àwọn ọmọ, ẹ wọ aṣọ méjì mẹ́ta fún wọn, ẹ fi fìlà bo orí wọn, ẹ gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ àyà yín kí ara kan ara, kẹ́ ẹ fi aṣọ òfì tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀yin méjèèjì. Aláboyún ní láti ṣọ́ra jù, torí gáàsì yìí a máa ṣe ọmọ inú ní jàǹbá kí ara ìyá tó mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà máa ń bi mí nípa èédú tí wọ́n fi ń sun ẹran, irú èyí tó máa ń wà nínú páànù kékeré. Òfin yẹn kan náà ni: ẹ má gbé e wọlé torí òjò, ẹ má gbé e wọ àgọ́ láti fi yá iná, kódà lẹ́yìn tí ẹran ti jinná tí ẹ rò pé ó ti kú. Bí ilé tí ẹ háyà bá ní ibi ìdáná ayé àtijọ́ tí ẹ ń dáná nínú rẹ̀, ó pọn dandan fún onílé ní England láti fi alámùù kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì, ẹ̀rọ tó ń kígbe bí gáàsì náà bá wà, sí yàrá náà. Ẹ bèèrè rẹ̀. Ẹ sì rántí pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ti fòfin de títa èédú inú ilẹ̀ fún lílò nínú ilé níbẹ̀. Èyí tí kì í rú èéfín ni kẹ́ ẹ rà.

Bí gáàsì náà bá ti mú ẹnì kan

Àmì rẹ̀: orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ tó mú ẹsẹ̀ rọ, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, oorun àsùnpìyè. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ jáde ná.

1. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu kẹ́ ẹ sì gbé ẹni náà síta. Ẹ mí kanlẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ náà lè ṣubú.
2. Ẹ pe 112. Bó bá jẹ́ Èkó, ẹ lè pe 767.
3. Bó bá ń mí ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ dà á délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èébì má baà fún un lọ́rùn. Bí kò bá mí, tí ẹnì kan níbẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà, kó bẹ̀rẹ̀ kíá: 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan.
4. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé iná èédú ló wà nínú yàrá, kí wọ́n lè tètè fún un ní ọ́síjìn. Bó bá tilẹ̀ jí tó ní òun ti gbádùn, ẹ ṣì gbé e lọ.

Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Inú ikùn ni ìyẹn ń lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì wà. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè gbé e mì sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀yin tí ẹ fi èédú ń mú ọmọ adìẹ móoru

Mo mọ̀ pé ibi tí iná mànàmáná kò dúró, èédú ni. Ọmọ adìẹ ọjọ́ kan nílò ooru tó tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òdíwọ̀n Celsius ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa dín in kù bí ìwọ̀n 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

1. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá iná náà, kí èéfín tán kó tó wọlé.
2. Ẹ gbé àdògán sórí búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ sì fi wáyà oníhò yí i ká. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà nílẹ̀ ń wá ẹyin iná kan ṣoṣo ni.
3. Ẹ má fi tapólì bo ilé náà pa. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lókè, yí ilé ká.
4. Ẹ wo àwọn ọmọ adìẹ náà. Bí wọ́n bá gún ara wọn jọ sídìí iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sára ògiri tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, ó ti bá wọn mu. Bí gbogbo wọn bá ń tòògbé, tí orí ẹ̀yin náà sì ń wúwo bí ẹ ṣe wọlé, ẹ ká tapólì sókè lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ń ṣọ́ adìẹ sùn sínú ilé yẹn. Kó jí ní wákàtí méjì-méjì wá wò ó, kó padà síta. Adìẹ ṣeé rà lọ́jà.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú

Ẹyin iná wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n dáadáa ni kẹ́ ẹ kó sínú rẹ̀, kó má kún dé etí. Ẹ fi í juwọ́ síwá sẹ́yìn ní ìta kí eérú fẹ́ jáde, kẹ́ ẹ fi ìdí rẹ̀ nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù. Ewé yẹn á mú ìdọ̀tí kúrò, á sì jẹ́ kó máa yọ̀ lórí aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ àkísà, kẹ́ ẹ tó kan aṣọ funfun. Abẹ́ igi tàbí ìta gbangba ni iṣẹ́ yìí ti yẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé e kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ aṣọ tán.

Ní ti ìmọ́lẹ̀ tí àwọn kan bèèrè: pípọ́n èédú kò tó fi kàwé, ẹ má sì torí pé iná lọ gbé e wọlé. Àtùpà tó ń lo oòrùn ló dára, èyí tí ẹ lè sá láàárọ̀.

Pípa iná

Omi ni ọ̀pọ̀ ń dà sí i. Ooru omi gbígbóná rẹ̀ lè bó ènìyàn lójú, amọ̀ inú àdògán á là, èédú tí ẹ ì bá tún lò lọ́la á sì tutù rin. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ fi ẹ̀mú ṣa ẹyin iná tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò irin tàbí agolo tó ní ọmọrí.
2. Ẹ dé e pinpin. Nígbà tí kò bá rí afẹ́fẹ́, á kú.
3. Ìta ni kẹ́ ẹ fi agolo náà sí mọ́jú.
4. Lọ́jọ́ kejì, ẹ óò bá èédú dúdú níbẹ̀. Ó máa ń yára ràn ju tuntun lọ, òun sì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ iná lójoojúmọ́.

Iná kú, ó feérú bojú, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Èyí tó wà nínú àdògán lè fi eérú bojú láìtíì kú. Ẹyin iná lè wà láàyè lábẹ́ eérú fún odidi ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ má kó eérú sínú ràbà tàbí ọ̀rá, ẹ má dà á sórí ààtàn tí koríko gbígbẹ wà. Garawa irin ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí ògiri pákó fún wákàtí 24. Kẹ́ ẹ tó dà á nù, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sókè rẹ̀ láìfara kàn án. Bó bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dé e padà. Bó bá ti tutù pátápátá, ẹ bù díẹ̀ sọ́tọ̀ fún híha ìdí ìkòkò, kẹ́ ẹ wọ́n ìyókù fẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí ẹ̀fọ́.